Filippo Neri, Amọ̀nà sí Ṣọ́ọ̀ṣì Méje ní Róòmù

Láàrin àwọn ọkùnrin tí ìlú Róòmù kò lè gbàgbé, a kò rí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn ní ìtàn tó Filippo Neri, ẹni tí àwọn onígbàgbọ́ Àgùdà mọ̀ sí Fílípì Ẹni Mímọ́. Kò jọba, kò jagun, kò sì fi ìwé ńlá kankan sílẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1595, àti tálákà àti kádínà ni ó ya lọ wo òkú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ó rí àwọn ènìyàn tí ń gbé láàrin ilé àwọn baba wọn láìmọ ìtàn ibẹ̀, ó sì ń mú wọn rìn láti ilé kan dé èkejì títí wọ́n fi mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì ni a ti bí i, ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, 1515. Akọ̀wé òfin ni Francesco baba rẹ̀; ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 18, wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan tí ó jẹ́ oníṣòwò ní San Germano, nítòsí òkè Cassino, kí ó lè kọ́ òwò, kí ó sì jogún ọkùnrin náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ogún, ó wo ọkàn ara rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí owó. Ó mú ọ̀nà Róòmù pọ̀n lọ́wọ́ òfo.

Róòmù tí ó bá ti ṣá lọ́gbẹ́. Ní 1527 ni àwọn ọmọ ogun Ọba-ńlá Charles Karùn-ún ya wọ ìlú náà, tí wọ́n pa, tí wọ́n kó, tí wọ́n sì ba àwọn ilé Ọlọ́run jẹ́. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú èyí ni Martin Luther ti gbé ohùn àtakò sókè ní Jámánì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórí ìsìn ní Róòmù sì ń bá fàájì ayé lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Fílípì ń gbé yàrá kékeré kan nínú ilé Galeotto Caccia, òṣìṣẹ́ owó-bodè tí ó jẹ́ ará Florence bíi tirẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin onílé náà méjì ní ìwé kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Òun náà kẹ́kọ̀ọ́ jinlẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó ta àwọn ìwé rẹ̀, ó sì fi owó wọn tọrẹ fún àwọn aláìní. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a máa dá nìkan jáde lọ sí ihò ìsìnkú abẹ́ ilẹ̀ ní San Sebastiano, níbi tí a sin àwọn onígbàgbọ́ ìgbà àtijọ́ sí, a sì máa gbàdúrà láàrin ibojì wọn. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ àwọn ilé àtijọ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ní 1548, òun àti àlùfáà Persiano Rosa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn arìnrìn-àjò tí kò ní ibùsùn. Nígbà tí Ọdún Júbílì 1550 dé, tí àlejò kún Róòmù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni ó ń fọ ẹsẹ̀ wọn, tí ó sì ń bọ́ wọn. Ní 1551 a fi Fílípì jẹ àlùfáà, ó sì ń gbé ní San Girolamo della Carità.

Kì í ṣe Fílípì ni ó dá ìrìn àjò sí ṣọ́ọ̀ṣì méje sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń rìn ín tipẹ́tipẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ àti àdúrà tirẹ̀. Ohun tí Fílípì fi kún un ni ẹgbẹ́, orin àti àlàyé. Wọn a kọ́kọ́ lọ sí San Pietro. Ní ọjọ́ kejì wọn a pàdé ní San Paolo lẹ́yìn odi ìlú, níbi ibojì Pọ́ọ̀lù. Láti ibẹ̀ wọn a gba San Sebastiano lọ. Lẹ́yìn èyí ni San Giovanni ní Laterano, tí í ṣe ìjókòó Póòpù gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Santa Croce, níbi tí ohun mímọ́ tí wọ́n ní Hẹ́lénà ìyá Constantine kó bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù wà. San Lorenzo, ilé díákónì tí a pa nítorí ìgbàgbọ́ ní 258. Àti ní ìkẹyìn, Santa Maria Maggiore. Ìrìn náà kò dín ní máìlì 12.

Bí wọ́n ti ń lọ ni wọ́n ń kọrin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ẹnìkan a dìde sọ̀rọ̀ ṣókí. Bí ó bá di ọ̀sán, wọn a jókòó sórí koríko nínú ọgbà ìdílé Mattei, a ó sì pín búrẹ́dì, ẹyin, wàràkàṣì, èso àti wáìnì fún olúkúlùkù. Fílípì a sì máa yan ọjọ́ àríyá tí ó ṣáájú àwẹ̀ Lẹ́ńtì fún un, nígbà tí àwọn ènìyàn ń bojú kiri ìgboro bíi kàrẹ́tà àwọn Àgùdà ní Èkó, tí ọtí àti ìjà sì pọ̀. Kò bá wọn wí pé kí wọ́n má ṣe yọ̀. Ó fi ayọ̀ tí ó dára jù ú lọ hàn wọ́n. Ènìyàn díẹ̀ ni ó bá a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ pé èrò náà a máa tó 2,000.

Ẹni tí èrò bá ń tẹ̀ lé, àwọn aláṣẹ kò ní ṣàì ṣọ́ ọ. Ní 1559, kádínà tí ń ṣàkóso Róòmù ní orúkọ Póòpù pe Fílípì, ó fi ẹ̀sùn ìgbéraga àti ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ tuntun kàn án, ó sì kà á léèwọ̀ fún un láti máa gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àti láti máa kó èrò rìn. Fílípì kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì kó ènìyàn jọ láti jà. Ó ṣe ìgbọràn, ó dúró. Láìpẹ́ kádínà náà kú, a wádìí ọ̀rọ̀, a kò rí ẹ̀bi kan, ìrìn náà sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé ọ̀sán tí ó ń ṣe ní San Girolamo, tí a ń pè ní Òrátórì, kò yàtọ̀ sí ìrìn náà: ìwé kíkà, ìtàn, orin àti àdúrà. Láti inú orin ibẹ̀ ni irú orin tí gbogbo ayé ń pè ní oratorio ti gba orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀, Cesare Baronio, tí ó fẹ́ràn láti máa wàásù ikú àti ọ̀run àpáàdì. Fílípì ní kí ó fi ìyẹn sílẹ̀, kí ó máa sọ ìtàn Ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Baronio bẹ̀bẹ̀, ó ráhùn. Baba náà kò gbà. Bí ó bá parí rẹ̀, a ní kí ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Láti inú làálàá yìí ni ìwé ìtàn Annales Ecclesiastici ti jáde, apá 12, láti 1588 títí di 1607. Ẹni tí kò kọ ìwé ni ó bí òǹkọ̀wé.

Kí a má ṣe rò pé ọkùnrin aláìlẹ́rìn-ín ni. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ lápá kan, ó sì jáde sí gbangba bẹ́ẹ̀, kí àwọn tí ń pè é ní ẹni mímọ́ lè fi í rẹ́rìn-ín. Ní 1575 Póòpù Gregory Kẹtàlá fi ọwọ́ sí ẹgbẹ́ Òrátórì, ó sì fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria in Vallicella. Ibẹ̀ ni Fílípì kú sí ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, 1595, ní ẹni ọdún 79. Ibẹ̀ náà ni ibojì rẹ̀ wà. Ní 1622 a kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́, a sì ń pè é ní Àpọ́sítélì Róòmù.

Títí di òní, baba, ìyá àti ọmọ ṣì ń tẹ̀ lé amọ̀nà rin ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì méje náà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìlú wo ní ilẹ̀ wa ni kò ní odi àtijọ́, ààfin, ojúbọ tàbí ilé Ọlọ́run kan tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lárọ̀ọ́ lálẹ́ láìmọ ẹni tí ó kọ́ ọ? Fílípì kò dúró de owó ìjọba tàbí ìwé tuntun. Ó ké sí ènìyàn díẹ̀, ó di búrẹ́dì, ó sì bọ́ sọ́nà.