Magnus Magnusson, Abéèrè

Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, ọdún 1929, ni a bí Magnus Magnusson ní Reykjavik, olú-ìlú erékùṣù Iceland. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí àwọn òbí rẹ̀ fi gbé e lọ sí ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, níbẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Ní Iceland, orúkọ bàbá gan-an ni a fi í pe ọmọ. Sigursteinn ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Sigursteinsson ni ì bá sì máa jẹ́, bí kì í bá ṣe pé wọ́n tẹ̀lé àṣà ilẹ̀ àjèjì. Síbẹ̀, títí ó fi kú, ọmọ Iceland ni lójú òfin.

Ó kàwé ní Oxford, ó di oníròyìn, òun àti Hermann Pálsson sì túmọ̀ àwọn ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1972, ọdún kẹtàlá lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, BBC fi í ṣe abéèrè nínú ètò Mastermind. Bill Wright, ẹni tí ó dá ètò náà sílẹ̀, ti ṣe ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Jámánì rí. Ìbéèrè tí wọ́n dà bò ó níbẹ̀ ni ó sọ di ìdíje. Olùdíje yóò jókòó nínú òkùnkùn lórí àga dúdú kan, iná yóò mọ́lẹ̀ sí i lójú, ìbéèrè yóò sì máa rọ̀ lù ú fún ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́ tí ó ti jókòó sídìí àlọ́ àpamọ̀ rí mọ bí ojú ti í ti ẹni tí kò rí ìdáhùn wí, bẹ́ẹ̀ ará ilé nìkan ni ó ń wò ó. Magnusson kì í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Bí aago bá dún nígbà tí ìbéèrè ti wà lẹ́nu rẹ̀, a máa bi í tán, kí olùdíje lè dáhùn. Ìwà kékeré yìí ni ó sọ ọ́ di olókìkí ju gbogbo ìwé rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1973, ọkọ̀ pa ọmọkùnrin rẹ̀ kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 12. Ó mú ọgbẹ́ náà mọ́ra, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ fún ọdún mẹ́rìnlélógún sí i.

Ilé ìjọsìn St Magnus ní erékùṣù Orkney ni wọ́n ti ṣe àṣekágbá ní ọdún 1997. Wọ́n fún un ní àga dúdú náà, ó sì gbé e lọ sílé. Ó kú ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, ọdún 2007.