William Cowper, Ẹni tí Ojú Ènìyàn Ń Dẹ́rù Bà

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń kọ orin William Cowper nínú Ìwé Orin Mímọ́ ni kò mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò lè dúró níwájú àwùjọ. A bí i ní ọdún 1731 ní Berkhamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí baba rẹ̀ gbé jẹ́ àlùfáà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní ilé-ìwé, ọmọkùnrin kan tí ó dàgbà jù ú lọ ń jẹ ẹ́ níyà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gbé ojú sókè ju orúnkún ẹni náà lọ. Irin ìdè bàtà rẹ̀ ni ó fi ń dá a mọ̀. Kí àwa olùkọ́ kíyèsí èyí.

Ó kọ́ ìmọ̀ òfin. Ní ọdún 1763, ìbátan rẹ̀ kan fẹ́ fi í ṣe akọ̀wé ní Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn dé, a sì ní kí ó wá dúró níwájú Ìgbìmọ̀ kí a dán ìmọ̀ rẹ̀ wò. Ó ń ka ìwé fún oṣù púpọ̀, kò yé e. Bí ọjọ́ náà ti ń súnmọ́ tòsí, ẹ̀rù bà á títí ó fi gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ọlọ́run kò jẹ́. Oníṣègùn Nathaniel Cotton tọ́jú rẹ̀ ní St Albans títí di ọdún 1765.

Lẹ́yìn èyí, ó fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Ó bá ìdílé Unwin gbé ní Huntingdon. Nígbà tí baálé ilé kú ní ọdún 1767, òun àti opó náà, Mary Unwin, ṣí lọ sí Olney, lọ́dọ̀ àlùfáà John Newton, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú rí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kọ ìwé orin tí ó jáde ní ọdún 1779. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1773 àìsàn náà ti padà: Cowper gbà pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀. Àwa kò lè pe èyí ní àìnígbàgbọ́, àrùn ni.

Ní ọdún 1774 a fún un ní ọmọ ehoro. Ó sin mẹ́ta, Puss, Tiney àti Bess. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ilé fún wọn. Nígbà tí Puss ṣàìsàn, òun ni ó tọ́jú rẹ̀, ehoro náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjìlá kí ó tó kú. Ó dá ọgbà, ó sì ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀rẹ́ tí kò lè máa bẹ̀ wò. Láti inú ilé kékeré yìí ni ewì rẹ̀ The Task ti jáde ní ọdún 1785. Ní ọdún 1788, ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ níwájú àwọn ọlọ́lá kọ ewì láti bá òwò ẹrú wí, ó sì fi ohùn rẹ̀ sí ẹnu ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí a kó lọ.

Ẹ̀rù náà kò fi í sílẹ̀ pátápátá. Mary Unwin, tí ó ti bá a gbé ju ọgbọ̀n ọdún lọ, kú ní ọdún 1796. Òun náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù April, ọdún 1800, ní East Dereham, a sì sin ín sínú ilé ìsìn níbẹ̀.