Heavy D

Dwight Errington Myers (ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 – ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2011), tí gbogbo ayé mọ̀ sí Heavy D, jẹ́ olórin tàkasúfèé, olóòtú orin àti òṣèré orí amóhùnmáwòrán ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà. Òun ni aṣáájú ẹgbẹ́ olórin Heavy D & the Boyz. Ó wà lára àwọn olórin tàkasúfèé tí wọ́n tètè fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nídìí iṣẹ́ eré ṣíṣe. Ijó, àwàdà àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ orin rẹ̀, ní àsìkò tí ọ̀rọ̀ ìbọn àti ìjà pọ̀ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀

Ìlú Mandeville ní Jàmáíkà ni wọ́n bí Myers sí. Ó ṣì kéré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Mount Vernon ní Ìpínlẹ̀ New York. Ìlú yìí bá Bronx pààlà, níbi tí orin tàkasúfèé ti ṣẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Pete Rock, olóòtú orin tí òkìkí rẹ̀ kàn lẹ́yìn náà, jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Iṣẹ́ orin

Myers pẹ̀lú Eddie F, G-Wiz àti Trouble T-Roy ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ Heavy D & the Boyz sílẹ̀. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí ó bá Uptown Records, ilé-iṣẹ́ Andre Harrell, tọwọ́ bọ̀wé. Àwo-orin wọn àkọ́kọ́, Living Large, jáde ní ọdún 1987. Myers jẹ́ ènìyàn gíga tí ó sanra púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìyẹn pamọ́. Ó fi sísanra rẹ̀ ṣe orúkọ ìnagijẹ, ó fi ṣe àwàdà nínú orin, ó sì ń jó lórí ìtàgé bí ẹni tí kò wúwo rárá. Big Tyme, àwo-orin wọn kejì tí ó jáde ní ọdún 1989, gba ipò kìíní lórí àtẹ orin R&B ní Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1990, Trouble T-Roy já bọ́ láti ibi gíga ní ìlú Indianapolis nígbà tí ẹgbẹ́ náà wà ní ìrìn-àjò orin, ó sì kú. Ọmọ ọdún 22 ni. Myers àti àwọn ìyókù ṣe àwo-orin Peaceful Journey ní ọdún 1991 ní ìrántí rẹ̀. Ikú yìí kan náà ni ó mú kí Pete Rock àti CL Smooth kọ They Reminisce Over You ní ọdún 1992, èyí tí ọ̀pọ̀ alárìíwísí kà sí ọ̀kan lára àwọn orin tàkasúfèé tí ó dára jù lọ.

Inú Peaceful Journey ni Now That We Found Love wà. The O'Jays ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orin náà, kí ẹgbẹ́ Third World ti Jàmáíkà tó sọ ọ́ di orin régè. Èyí tí Myers àti Aaron Hall kọ dé ipò kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Myers tún kópa nínú orin Alright ti Janet Jackson àti Jam ti Michael Jackson.

Myers ṣe ìrànlọ́wọ́ fún Sean Combs, tí òun náà dàgbà ní Mount Vernon, láti rí iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ní Uptown. Ó wà lára àwọn olóòtú orin Candy Rain ti ẹgbẹ́ Soul for Real, ó sì di ààrẹ ilé-iṣẹ́ Uptown láàrin àwọn ọdún 1990.

Ìṣẹ̀lẹ̀ City College

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1991, Myers àti Combs ṣe agbátẹrù ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n láàrin àwọn gbajúmọ̀ olórin, ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá City College ní New York. Àwọn tí ó wá pọ̀ ju iye tí gbọ̀ngàn náà lè gbà lọ. Èrò ya sórí àtẹ̀gùn tí ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ó wà níwájú kò sì rí ibi gbà. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kú. Ní ọdún 1999, adájọ́ kan pín ẹ̀bi náà ní ìdọ́gba láàrin àwọn agbátẹrù ìdíje náà àti yunifásítì tí ó ni gbọ̀ngàn.

Iṣẹ́ eré ṣíṣe

Myers kò fi orin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1993 ni ó ti ń farahàn nínú eré Roc lórí amóhùnmáwòrán. Lẹ́yìn náà ni ó kópa nínú Living Single, eré tí Queen Latifah, tí òun náà jẹ́ olórin tàkasúfèé, ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1995, ó ṣeré lórí ìtàgé nínú Riff Raff, eré tí Laurence Fishburne kọ.

Ní ọdún 1999, ó wà nínú sinimá Life pẹ̀lú Eddie Murphy àti Martin Lawrence. Ọdún yẹn kan náà ni ó ṣe Peaches, ọ̀kan lára àwọn tí ń ká èso ápù nínú The Cider House Rules. Ó kópa nínú Boston Public, ó ṣe Bernard nínú The Tracy Morgan Show (2003–2004), ó sì ṣe Sid, ẹni tí ó ni ilé oúnjẹ nínú Bones.

Ní ọdún 2008, ó padà sí orin ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Wọ́n yan Vibes, àwo-orin régè rẹ̀, fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy.

Ikú rẹ̀

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, Myers kọrin níbi ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ BET Hip Hop, ó sì kọrin ní ìlú Cardiff ní Wales níbi ayẹyẹ ìrántí Michael Jackson. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, ó ṣubú nítòsí ilé rẹ̀ ní Beverly Hills, ó sì kú ní ilé ìwòsàn. Ọmọ ọdún 44 ni. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni Tower Heist, sinimá tí ó kópa nínú rẹ̀, jáde.

Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn aláyẹ̀wò gbà pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ náà ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Mount Vernon ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un.