Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson àti Ọ̀rọ̀ Ẹrú Nínú Ìjọ

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn aṣíwájú ìjọ Kristi ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Samuel Àjàyí Crowther ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Orúkọ James Johnson kì í tètè jáde bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, díẹ̀ ni àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú ìgbà náà tí ọ̀rọ̀ wọn dá awuyewuye sílẹ̀ tó ti Johnson. Nítorí bí ó ṣe le mọ́ ara rẹ̀ àti mọ́ ìjọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ ni àwọn ènìyàn ṣe sọ ọ́ ní Holy Johnson.

Ní nǹkan bí ọdún 1836 ni wọ́n bí i ní Sàró. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ogun ni ó kó wọn, wọ́n tà wọ́n sẹ́rú, kí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n sì dó sí Sàró. Kò yẹ kí á gbójú fo èyí, nítorí pé ọmọ ẹni tí wọ́n ti tà rí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú bí ẹni gbọ́ ìtàn lásán. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà CMS ní Freetown, ó tẹ̀síwájú ní Fourah Bay, ó ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì di díákónì ní ọdún 1863. Ní ọdún 1874 ni wọ́n gbé e wá sí Èkó, sí ìjọ St. Paul's, Breadfruit.

Ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti dán an wò jù lọ. Láti ìgbà Ìfọ́lé ọdún 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú, àwọn òjíṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ni ìtọ́jú ìjọ ibẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1877, CMS fi Johnson ṣe alábòójútó àwọn ìjọ tí ó wà ní òkè odò, ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ohun tí ó bá níbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn gbajúmọ̀ nínú ìjọ, ọkùnrin àti obìnrin, ni wọ́n ní ẹrú àti ìwọ̀fà lábẹ́ wọn. Ẹrú ni ń ro oko, òun náà ni ń ru epo pupa lọ sí ọjà. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ ń sìn nítorí owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé, kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè náà. Tọ̀sán tòru ni ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ojú ogun ni ọ̀pọ̀ ẹrú sì ti ń wá.

Àwọn tí ó ní ẹrú kò ka ara wọn sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹrú ilé yàtọ̀ sí ẹrú tí wọ́n ń tà sókè òkun, pé ọmọ ilé ni, pé inú àwo kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Crowther tìkára rẹ̀, tí wọ́n mú lẹ́rú ní ọdún 1821, ti sọ ohun tí ó jọ èyí ní nǹkan bí ọdún 1857: ó rọ ìjọ pé kí wọ́n fi sùúrù bá ọ̀ràn náà lò. Ọ̀rọ̀ náà sì ní ìṣèlú nínú. Láti ọdún 1861 ni Èkó ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹrú tí ó bá sá débẹ̀ ti di òmìnira. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wàásù ìdáǹdè ní Abẹ́òkúta, lójú àwọn ìjòyè, ó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó ni.

Ní ọdún 1879, CMS pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́. Johnson kò fi mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ nìkan. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú olúkúlùkù ọmọ ìjọ: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àṣà ìlú bojú, tàbí kí ó sọ pé bí òun ṣe bá a nílé bàbá òun nìyẹn. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó ní ẹrú ni yóò jíhìn nípa ẹrú náà níwájú Ọlọ́run, kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjòyè. Ó tún kọ̀ fún oníyàwó púpọ̀, ó sì bu owó ìjọ lé ohun tí wọ́n ń dá tẹ́lẹ̀. Ibi owó yìí ni ó ti ṣì í ṣe. Ẹni tí a ń bẹ̀ pé kí ó jọ̀wọ́ ẹrú rẹ̀, a kì í tún na ọwọ́ sí àpò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹrú ń dùn ní ohun mìíràn tí wọn yóò máa pariwo lé lórí. Ìjọ dìde sí i, àwọn oníṣòwò ńláńlá ni wọ́n sì ṣáájú. Ní ọdún 1880, CMS mú un kúrò, ó padà sí Breadfruit. Ẹrú àti ìwọ̀fà wà síbẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Àwọn tí ó pè é ní aláìláàánú nítorí èyí kò wo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Ní ọdún 1886 ó di ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Nígbà tí Gómìnà Carter ń múra láti gbógun ti Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892, ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ ni inú wọn dùn, nítorí pé ó ti pẹ́ tí Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà mọ́ oníṣòwò àti oníwàásù. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ìyìn rere wọ Ìjẹ̀bú ju Johnson lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ó bá ìbọn wọlé. Ó tako ogun náà. Wọ́n jà á, Ìjẹ̀bú ṣubú ní Ìmàgbọ̀n. Johnson sì wà lára àwọn tí ó lọ gbin ìjọ sáàárín àwọn tí ogun ti fọ́.

Kò fara mọ́ ọn kí Onígbàgbọ́ sọ ara rẹ̀ di òyìnbó. Ó ń rọ àwọn òbí kí wọ́n fi orúkọ Yorùbá sàmì fún ọmọ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé James Johnson ni òun alára ń jẹ́ dọ́jọ́ ikú. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó wọ́ Crowther nílẹ̀ ní ọdún 1890, Johnson wà lára àwọn tí ó gbèjà rẹ̀ kíkankíkan. Ní ọdún 1900 wọ́n fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nítorí bí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ṣe mú un kúrò ní ilé àlùfáà Breadfruit, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde, wọ́n dá ìjọ African Bethel sílẹ̀. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde. Òun kò bá wọn lọ.

Agbègbè etí odò Niger ni iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbé e lọ, ọ̀rọ̀ ẹrú sì tún dúró dè é níbẹ̀. Abẹ́ olórí ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà, òfin tí ìjọba òyìnbó ṣe ní ọdún 1901 sì fún olórí ilé lágbára láti dá ẹni tí ó bá sá padà. Ọdún 1915 ni òfin náà tó kúrò nílẹ̀. Johnson ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdún 1917 ni ó tó kú.