Kòfowórọlá Pratt àti ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tí a ní wọn ò láàánú

Ẹ wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba wa lóru, ẹ ó rí àwọn ìyá lórí ẹní, nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ ọmọ wọn sí. Ìyá yìí ló ń wo dírípù bóyá ó ti fẹ́ tán. Òun ló ń fi aṣọ tútù nu ara ọmọ, òun náà ni wọ́n máa ní kó sáré lọ ra abẹ́rẹ́ wá. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún un ni nǹkan tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ gan-an. Tó bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n lè jágbe mọ́ ọn.

Tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ ládùúgbò wa ní Ire-Àkárí, n'Ísọlọ̀, ohun kan náà ni mo máa ń gbọ́: àwọn nọ́ọ̀sì wa ò láàánú, àwọn òyìnbó ló mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ìgbésí ayé obìnrin ọmọ Èkó kan ni mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi gbà.

Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ni. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i sí ìlú Èkó, sínú ẹbí Scott. CMS Girls' School ló lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò fẹ́ ẹ. Bó ṣe lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní United Missionary College, n'Íbàdàn, nìyẹn, tó sì padà wá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde. Ó wọlé ọkọ, ó di ìyàwó Olú Pratt, ó sì bímọ. Ẹlòmíì ìbá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ní 1946, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital ní London, èyí tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860.

Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tó ní òun ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú fọwọ́ kan òun. Kò torí ìyẹn kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá NHS sílẹ̀ ní 1948, ó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní 1950. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pè é ní nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS. Ó kéré tán, ó wà lára àwọn tó ṣíwájú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ọsibítù òyìnbó tó ti kọ́ṣẹ́ yẹn. Ní 1949, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní London lórí àkókò tí àwọn òbí lè lọ wo ọmọ wọn ní ọsibítù. Ní St Thomas' yìí kan náà, wọn kì í jẹ́ kí òbí bẹ ọmọ rẹ̀ wò ní oṣù àkọ́kọ́. Ohun tí òbí lè ṣe ni pé kó wá láàárín aago méje sí mẹ́jọ alẹ́, kó wo ọmọ nígbà tó bá ti sùn. Ọsibítù West London ò tiẹ̀ gba àbẹ̀wò rárá. Wọ́n ní kòkòrò àìsàn ni àwọn òbí máa kó wọlé, àti pé ariwo ẹkún ọmọ máa ń pọ̀ tí òbí bá ti ń lọ.

Nílẹ̀ wa, ta ló máa já ọmọ ọlọ́dún méjì gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ fún odidi oṣù kan, tó máa pe ìyẹn ní ìtọ́jú?

Síbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì London ìgbà náà kì í ṣe ìkà. Òfin wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ní 1952, James Robertson gbé fíìmù jáde nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan tó lo ọjọ́ 8 ní ọsibítù láìsí ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dun àwọn kan, ó bí àwọn dókítà kan nínú. Ní 1959, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀, èyí tí Harry Platt jẹ́ alága fún, ní kí àwọn ọsibítù ṣílẹ̀kùn fún òbí nígbàkigbà, kí wọ́n sì wá àyè fún ìyá láti sùn ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àánú tí à ń rí lọ́wọ́ wọn lónìí, wọ́n kọ́ ọ ni. Wọ́n jà fún un, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì náwó sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Olóyè Pratt. Ó padà sílé ní 1954, ó wá sí UCH Ìbàdàn. Ẹ máa rántí pé St Thomas' ti dá a lẹ́kọ̀ọ́, ó sì ti ṣiṣẹ́ nínú NHS. Wọ́n ní kò lè di sístà tó ń darí wọ́ọ̀dù, nítorí àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ipò yẹn sílẹ̀ fún. Nílùú abínibí rẹ̀! Ó dúró tì wọ́n. Ó di sístà náà. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1960, òun ni mètírọ̀nì UCH, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ibi tó lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì, ó bá wọn ṣe ìwé àtìgbàdégbà tiwọn. Ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní iléeṣẹ́ ètò ìlera àpapọ̀, ó sì di kọmíṣọ́nà ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó. Red Cross fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973. Ó jáde láyé ní oṣù kẹfà ọdún 1992. Obìnrin yìí mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ti ń pín owó, tí wọ́n ti ń ṣòfin, ibẹ̀ ni ìtọ́jú aláìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ti bá aládùúgbò mi kan sùn ní ọsibítù rí nítorí ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ yẹn. Ó jágbe mọ́ ìyá ọmọ, ó dùn mí, kò sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò rí i kó jókòó. Ẹ ní kí ẹni yẹn máa rẹ́rìn-ín, kó máa ṣàlàyé fún òbí kọ̀ọ̀kan. Ìgbà wo?

Mi ò sọ pé ká máa gba ìwọ̀sí o. Òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti 2014, abala 23, ní dandan ni kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn, ní èdè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ ọmọdé ni, òbí tàbí alágbàtọ́ ló wà ní ipò yẹn. Ìyá tó ń béèrè kì í ṣe oníwàhálà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń béèrè.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà ò lè bí nọ́ọ̀sì. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó lè gba ìwé àtilọ sókè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì tú síta láti fẹ̀hónú hàn. Mo mọ̀ pé a nílò wọn nílé. Àmọ́ Olóyè Pratt wá sílé fúnra rẹ̀, ìlú ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e padà. Tá a bá fẹ́ kí wọ́n dúró, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi dúró: owó oṣù tó ṣeé gbé ilé, èrò tó pọ̀ tó lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá tó ń gbọ́ tiwọn.

Ìdìbò tún ń bọ̀. Àwọn olóṣèlú máa wá sí Òṣòdì àti Ísọlọ̀ wá ka iye ilé tí wọ́n kọ́ sínú ọsibítù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ bi wọ́n pé nọ́ọ̀sì mélòó ló ń wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé ní aago méjì òru, àti ibo ni ìyá ọmọ máa sùn. Ẹ má kúrò níwájú wọn títí wọ́n á fi sọ iye náà fún yín.