Ibi tí Freddie Mercury Bá Orin Dé

Bí a bá dárúkọ ẹgbẹ́ olórin Queen, Bohemian Rhapsody ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èmi, àwo orin Made in Heaven ni mo fẹ́ràn jù. Oṣù kọkànlá 1995 ló jáde, ó sì gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba, nígbà tí ẹni tó kọrin inú rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin.

Farrokh Bulsara ni orúkọ àbísọ Freddie. Zanzibar ni wọ́n bí i sí ní 1946. Íńdíà ló ti lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Zanzibar ní 1964, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Ìlú Ọba. Eyín mẹ́rin ló fi ju ẹlòmíràn lọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n, torí ó gbà pé ohùn òun lè bàjẹ́. (Àwa tí à ń kọ́ fònẹ́tíìkì lè jiyàn ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.)

Ní 1987, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní kòkòrò HIV. Kò sọ fún aráyé. Ní 1991, lẹ́yìn tí àwo Innuendo jáde, ó tún ń lọ sí sítúdíò wọn ní Montreux, ní Switzerland. Àtidúró ti di ìṣòro fún un. Kò sí àkókò láti lu ìlù tán kí akọrin tó wọlé mọ́: ìlù inú ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbè é. Brian May á kọ ìlà bíi mélòó kan sínú ìwé, Freddie á kọ ọ́ lórin lójú ẹsẹ̀, wọ́n á tún wá òmíràn. Ohun tó ń wá ni pé kí ohùn òun wà nílẹ̀, kí àwọn yòókù lè parí iṣẹ́ tí òun bá ti lọ.

Mother Love ló kọ kẹ́yìn, ní oṣù karùn-ún. Ó ku ẹsẹ kan nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á padà wá parí rẹ̀. Kò padà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, ó kéde pé òun ní àrùn éèdì. Ọjọ́ kejì ló kú, ní ẹni ọdún 45.

May, Roger Taylor àti John Deacon wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìtá àti ìlù wọ ohùn náà láṣọ. Orin ìgbà ìkẹyìn yẹn kò kún àwo, ni wọ́n bá mú méjì nínú èyí tí Freddie dá ṣe ní 1985, wọ́n tún un lù. Ní tèmi, àwọn yẹn kò wọni lára tó ti Montreux. Ẹsẹ tó ṣẹ́kù nínú Mother Love ńkọ́? May fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, kò sì sín Freddie jẹ. Ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa á gbọ́ ibi tí ohùn ti yí padà.