Károly Takács, Atamátàsé Ọlọ́wọ́ Òsì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Húngárì tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni ó fi júwe ilé baba rẹ̀ fún gbogbo ayé. Károly Takács ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Budapest ni a bí i sí ní ọdún 1910. Nígbà tí ó dàgbà, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì di ògbóǹtagí nínú ìbọn ìléwọ́ yíyìn. Síbẹ̀, a kò mú un lọ sí Ìdíje Òlíḿpíkì ọdún 1936, nítorí pé sájẹ́ǹtì ni. Àwọn ọ̀gá ológun nìkan ni a gbà láyè. Lẹ́yìn ìdíje náà ni a mú òfin yìí kúrò, Takács sì ń fojú sọ́nà fún ti ọdún 1940.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1938, níbi ìdánrawò àwọn ọmọ ogun, àdó olóró kan tí ó ní àbùkù bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi ń yìnbọn fọ́ yángá. Nígbà tí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kọ́ ìbọn yíyìn ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún 1939, ó yọ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìdíje ilẹ̀ Húngárì. Wọ́n rò pé ìran ni ó wá wò. Ṣùgbọ́n òun ni ó gba ipò kìíní.

Ogun àgbáyé kò jẹ́ kí Ìdíje Òlíḿpíkì wáyé ní ọdún 1940 àti 1944. Takács ti di ẹni ọdún 38 kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1948. Nínú ìdíje tirẹ̀, ère márùn-ún ni yóò kọjú sí ayìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 8, lẹ́yìn náà 6, lẹ́yìn náà 4. Ìtàn sọ pé Carlos Díaz Sáenz Valiente, akọni ará Ajẹntínà, bi í léèrè ohun tí ó wá ṣe, ó sì dáhùn pé òun wá kẹ́kọ̀ọ́ ni. Nígbà tí eré parí, Takács ní máàkì 580, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní rí láyé, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Díaz ni ó ṣe ipò kejì.

Ní Helsinki, ní ọdún 1952, ó tún gba wúrà. Máàkì kan péré ni ó fi ta Szilárd Kun yọ, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́.

Takács kú ní oṣù kìíní ọdún 1976. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ni ìbọn yíyìn kọ́kọ́ wọ inú ìdíje àgbáyé ti àwọn aláàbọ̀ ara. Kò sí láyé láti rí i. Ṣùgbọ́n ó ti fi hàn tipẹ́tipẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan bá sọnù kò tíì pàdánù ọgbọ́n orí àti ìgboyà ọkàn rẹ̀.